Alhaji Olórọ́ àti Àkọ́rọ̀ Òjò

Ọjọ́ tí a sin Bàbá Àgbà, ẹ̀gún mú aṣọ ọ̀kan nínú àwọn tó gbé wọn jáde. Ọ̀nà àbáwọlé ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ò fẹ̀ rárá, ọgbà orọ́ Bàbá ló sì gba gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀, láti ara ògiri títí dé ẹ̀bá títì. Bí àwọn ọkùnrin náà ṣe ń rọra yí igun, ọ̀kan nínú wọn dúró lójijì. Apá jalabíà rẹ̀ ti há sára orọ́ kan tó ga jù ú lọ. Ìyá mi àgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alhaja, wà lójú fèrèsé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ráhùn nípa ẹ̀gún inú ọgbà yẹn. Alhaja ní, "Ẹ rọra yọ ọ́. Tí ẹ bá fà á, á já." Àwọn èèyàn rò pé aṣọ ni wọ́n ń sọ. Èmi mọ̀ pé orọ́ ni.

Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú sọ nípa Bàbá tó wa lọ́rì obì lọ sí Òkè Ọya fún ọgbọ̀n ọdún, tí kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ, tó bí ọmọ mẹ́rin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nínú ọgbà yẹn ni mo sì ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Orúkọ tí àdúgbò fún wọn ni Alhaji Olórọ́. Wọ́n máa ń jẹ́ ẹ.

Orọ́ ni àwọn àgbà wa ń pe ewéko ẹlẹ́gùn-ún náà. Kákítọ́ọ̀sì ni àwa tá a lọ sílé ìwé ń pè é. Nínú ọgbà Bàbá, àwọn kan ga bí òpó, wọ́n sì ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn kan pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn kan rogodo bí orí ọmọ tuntun. Ẹtí erin wà níbẹ̀, àbámodá wà níbẹ̀, ọ̀dúndún náà wà lábẹ́ ibòji. Gbogbo wọn ló ń tọ́jú omi sínú ewé tàbí sínú igi ara wọn de ìgbà ọ̀dá. Àmọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dá. Òjò wa pọ̀, ilẹ̀ wa sì máa ń di omi mú. Nítorí náà Bàbá ò gbẹ́ ihò fún orọ́ kankan. Wọ́n á kó yanrìn odò, òkúta wẹ́wẹ́, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti èédú jọ, wọ́n á mọ ọ́n ga bí ebè iṣu, orí rẹ̀ ni wọ́n á gbin nǹkan wọn sí kí omi lè tètè sá kúrò nídìí rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò máa ń bi wọ́n pé, "Alhaji, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀gún ṣe? Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ ni?"

Bàbá á wo ẹ̀yìnkùlé ẹni tó béèrè, wọ́n á ní, "Ẹ̀fọ́ tí ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá dà? Ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Tèmi ṣì wà lórí ìdúró."

Lójú ọ̀nà Kánò ni wọ́n ti rí àkọ́kọ́. Lọ́rì wọn bàjẹ́ sí abúlé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta nílé málàmù kan kí mẹkáníìkì tó dé. Gbogbo ewé àdúgbò yẹn ló ti gbẹ, àfi ọgbà tó yí ilé málàmù náà ká. Orọ́ ni, ó tutù yọ̀yọ̀. Bàbá bi í pé ta ló ń bomi rin ín. Málàmù náà rẹ́rìn-ín títí, ó gé igi kan fún wọn, ó sì fi ìwé ìròyìn wé e. Bàbá tì í sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ṣàdédé rí i nígbà tí wọ́n ń fọ ọkọ̀ nílé. Kò rí omi, kò rí iyẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ ó ti ta gbòǹgbò. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, ibì kan náà ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí: "Ohun tí mo gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò bínú sí mi, ó di dandan kí n tọ́jú rẹ̀."

Ìtọ́jú wọn ò jọ ti ẹlòmíràn o. Kí wọ́n má bomi rin ín ni olórí ìtọ́jú náà. Ọdún tí Bàbá lọ sí Mẹ́kà, Alhaja rí i tí àwọn orọ́ hunjọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àánú ṣe wọ́n, wọ́n ń bu omi sí wọn láràárọ̀. Nígbà tí Bàbá dé, ìdajì ọgbà ti jẹrà láti ìdí. Alhaja sọ fún mi pé Bàbá ò pariwo. Wọ́n gbé báàgì wọn kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò tẹ orọ́ kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò lọ́rùn.

Alhaja ní, "Àánú wọn ló ṣe mí."

Bàbá ní, "Àánú tí ò bá béèrè ohun tẹ́ni ń fẹ́, ìyà ni."

Ẹni tí ò bá gbin orọ́ rí á rò pé àárín gbùngbùn òjò ló le jù fún un. Bàbá kọ́ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kógbá sílé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, láti ìparí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ni orọ́ ò gbọdọ̀ sùn. Eruku ọyẹ́ tó ti ń bo oòrùn á ká kúrò lójú ọ̀run, oòrùn á wá dé bá ara orọ́ ní tààrà, á jó o di funfun bí ẹni pé omi gbígbóná ta sí i. Kò ní tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn tí àkọ́rọ̀ òjò á fi dé. Orọ́ tí kò mu omi fún oṣù mẹ́ta á mu ún ní àmujù, ara rẹ̀ á sì là. Ojú ibi tó là yẹn ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Láti bá àsìkò yìí jà, Bàbá máa ń fi àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ bo àwọn kéékèèké bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lọ, wọ́n á máa ká a kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ara wọn á fi mọ́ oòrùn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù kejì, á sì lọ fún ogójì ọjọ́. Ooru á mú débi pé a ò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìjì á wá dé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀. Bàbá á jókòó sí fàràndà, wọ́n á máa wo apá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbi tí ìjì wa ti máa ń wá. "Àníkẹ́," wọ́n á pè mí, "ojú ọjọ́ kì í kan ilẹ̀kùn mọ́ kó tó wọlé."

Mi ò ní purọ́, Bàbá lórí kunkun. Ẹni tí wọ́n bá jà pẹ́ jù ni aládùúgbò wa, Màmá Tíṣà, opó kan tó fi ipò ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ògiri kan ló pín ilé wa níyà. Ọ̀pá tó ń da omi òrùlé wọn nù yọjú sí ọ̀dọ̀ wa, orí orọ́ ló sì ń da omi sí. Bàbá lọ bá wọn sọ ọ́. Màmá Tíṣà ní ọkọ àwọn ti kọ́lé kí Bàbá tó gbin igbó ẹlẹ́gùn-ún. Bàbá bá kan páànù kan mọ́ orí ògiri, omi ń padà sínú ilé Màmá Tíṣà. Màmá Tíṣà mú ẹjọ́ lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò kí ara wọn mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kan Alhaja. Bí Iléyá bá dé, wọ́n á gbé ẹran fún mi lọ sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì á dé láti òdìkejì ògiri. Bàbá á fọ ọwọ́, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún kan mo bi wọ́n pé ṣé ìjà ti parí ni.

Wọ́n ní, "Ìrẹsì ò bá mi jà."

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀. Ìparí oṣù kẹta ni, lẹ́yìn ooru tó mú gbogbo ìlú lẹ́mìí. Bàbá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, orúnkún òsì sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n rí i pé apá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní, "Àníkẹ́, gbé tapólì wá."

Tapólì yẹn ni wọ́n fi ń bo obì lẹ́yìn lọ́rì láyé ọjọ́un. Nígbà tí wọ́n ta ọkọ̀, wọn ò tà á mọ́ ọn. Òpó irin mẹ́rin wà nínú ọgbà tí a máa ń so ó mọ́ bí ìjì bá ń bọ̀. A ti so igun méjì nígbà tí atẹ́gùn dé. Lẹ́yìn atẹ́gùn, yìnyín. Ó ń bọ́ bí awẹ́ obì, ó ń lu páànù, ó ń lu orọ́, mo sì ń rí ihò tó ń dá sí ara wọn lójú mi. A sá wọ fàràndà. Ariwo ńlá kan dún lẹ́yìn ògiri, òrùlé Màmá Tíṣà sì ṣí. Páànù mẹ́ta fò kọjá lókè orí wa. Ọ̀kan bọ́ sórí orọ́ àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó wá láti ilé málàmù, tó ti ga ju òrùlé fàràndà lọ, ó sì gé e sí méjì lágbedeméjì.

Mo wo ojú Bàbá. A wá ń gbọ́ ohùn Màmá Tíṣà láti òdìkejì, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn obìnrin, ẹni tó ti wà nílé ọkọ ní Òdogbolú láti ọjọ́ pípẹ́.

Bàbá bọ́ sínú yìnyín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú igun tapólì méjì tí a ti so.

Mo ní, "Bàbá, orọ́ ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Orọ́ ò ní ibùsùn."

Nígbà tí a wọlé Màmá Tíṣà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, Bíbélì àti àwòrán ọkọ wọn wà lórí ẹsẹ̀ wọn, abọ́ ńlá kan dé orí wọn. Omi ti ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, tí ilé wọn ò jìnnà sí wa, ti gbọ́ ariwo náà, wọ́n sì ti gbé àkàbà wá. Bọ̀dá Múfú gun òkè, Bàbá dúró nísàlẹ̀ nínú òjò, wọ́n ń sọ ibi tí okùn máa gbà. Bí orí okùn kọ̀ọ̀kan bá balẹ̀, Bàbá á fi ọwọ́ ara wọn so ó, bí wọ́n ṣe máa ń so ẹrù obì.

Màmá Tíṣà ní, "Alhaji, páànù mi ti ba nǹkan yín jẹ́."

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bo orí yín ná, mà."

Òjò ò dá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Káfíńtà ò lè gun òkè, tapólì sì wà lórí yàrá Màmá Tíṣà ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Èmi ra láílọ́ọ̀nù wá, a fi bo ọgbà. Atẹ́gùn ya apá kan dànù, abẹ́ apá kejì sì ń mú ooru bí ibi tí wọ́n ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Láràárọ̀ ni Bàbá ń dúró sí fàràndà, tí wọ́n ń wo ihò yìnyín tó ń di dúdú lára àwọn orọ́ wọn. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ rí pé kí n lọ gba tapólì.

Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kẹwàá, ọgbà náà ti ń rùn. Àwọn tó rogodo ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù. Bọ̀dá Múfú dé, wọ́n wo ọgbà náà yí ká.

"Bàbá, ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká kó o dànù. Ibẹ̀ á gba ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ̀yin náà á sì sinmi."

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ wá, pẹ̀lú sìpírítì àti eérú.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi gé e. Bàbá á jókòó sórí àpótí nítorí orúnkún wọn, èmi á gbé orọ́ wá síwájú wọn. Wọ́n á gé e, wọ́n á wo ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àmì pupa kékeré kan nínú rẹ̀, wọ́n á nu ọ̀bẹ pẹ̀lú sìpírítì, wọ́n á tún gé e sókè sí i, títí wọ́n á fi dé ibi tó mọ́ bí inú kùkúńbà. Nígbà mìíràn, nínú igi tó ga tó mi, ohun tó máa ṣẹ́kù ò ní ju ìka mi lọ. Wọ́n á fi eérú sí ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e sápá kan. Orọ́ tó lé ní igba ni, ọ̀kan ò sì sí tí wọn ò yẹ̀ wò. Nígbà tí a parí, mọ́kànlélọ́gọ́ta la rí yọ.

Ibi gbígbẹ tí a máa tẹ́ wọn sí ló kù. Pálọ̀ nìkan ni òjò ò dé. Bàbá ní kí n tò wọ́n sórí àwọn àga.

Alhaja wọlé, wọ́n rí i. "Ibo ni àlejò máa jókòó sí?"

"Kí àlejò dúró," Bàbá ní.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí a ṣe gbé nìyẹn. Bọ̀dá Múfú ò fara mọ́ ọn pé ká máa wo orọ́ lórí àga. Wọ́n ti mú ṣọ́bìrì wá, wọ́n ti kó òkúta tuntun dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n, wọ́n fẹ́ ká gbìn ín kíá ká lè ráyè. Wọ́n ní, "Bàbá, kí la tún ń dúró dè?"

Bàbá mú ọ̀kan lórí àga, wọ́n fi ojú ibi tí a gé hàn wọ́n. Ó ṣì tutù. "Egbò tí kò tíì gbẹ, Múfú, bí o bá bò ó mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò ti máa jẹrà."

Nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta, mẹ́tàlélógójì ta gbòǹgbò. Orí orọ́ málàmù wà nínú wọn. Nígbà tí Màmá Tíṣà kan òrùlé tuntun, wọ́n yí ọ̀pá omi wọn sí ojú títì, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá náà yọ páànù orí ògiri lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n gbé orọ́ kékeré kan sínú garawa ọ̀dà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà fúnra wọn, èmi sì tẹ̀ lé wọn.

Màmá Tíṣà wò ó yí ká. "Alhaji, kí ni mo fẹ́ ṣe fún un?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ ṣáà má fún un lómi."

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sí, ṣùgbọ́n ojú wọn ò ríran dé ọgbà mọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, èmi ni mò ń ròyìn rẹ̀ fún wọn. Ọyẹ́ náà mú, ó gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún wọn pé mẹ́wàá nínú àwọn orọ́ náà ti rọ, ìdí wọn ti funfun, ó jọ pé wọ́n ti kú. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n fà wọ́n tu kí àwọn tó kù má bàa kó o.

Wọ́n pa ojú wọn dé. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Má tíì fà á tu. Jẹ́ kí òjò kejì rọ̀. Òjò àkọ́kọ́ máa ń parọ́."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí ni wọ́n kú.

Òjò àkọ́kọ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ó sì parọ́ lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo orọ́ ló ti wú, gbogbo wọn ló tutù, òkú àti ààyè, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀yàtọ̀. Bọ̀dá Múfú wá wò wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rọra béèrè lọ́wọ́ Alhaja bóyá ó ti tó àkókò ká tún ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn gbé yẹ̀ wò.

Alhaja ní, "Lọ wá ibòmíràn, Múfú. Ibẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín."

Òjò dá. Ooru tún gbà á, ó mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láràárọ̀ ni mò ń wo àwọn mẹ́wàá yẹn kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ mi sì ń yún mi láti fa ìkan tu. Mi ò fà á. Òjò kejì rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú atẹ́gùn líle, ó sì dá ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Mo dúró títí di àárọ̀ Mọ́ńdè kí oòrùn lè ràn sí wọn lára. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́fà le. Ewé tuntun ti ń yọ lórí méjì nínú wọn. Mẹ́rin ti di omi nínú. Mo fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu, mo kó iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn dànù, mo da òkúta tuntun síbẹ̀, mo sì gbin àwọn ẹ̀ka tí mo ti gé lára àwọn yòókù kí òjò tó dé, tí ojú wọn ti gbẹ, sí àyè wọn. Mo fọ ọwọ́ mi, mo sì lọ síbi iṣẹ́.